Ìdá Mẹ́ta

"Ìdá mẹ́ta àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ èéyi pé lẹ́ẹ̀mejì ló ṣì lè kó èéyi."

Ohùn Karimat ni. Inú fóònù obìnrin kan ló ti ń jáde, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì ní Bẹẹrẹ. Karimat fúnra rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, ó ń retí kí wọ́n bá a tẹ àwòrán kan jáde. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ohùn rẹ̀ ti Bẹyẹrúnkà dé Bẹẹrẹ láìwọ mọ́tò! Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Dárasími, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà.

"Gbọ́ o! Èmi nìyẹn."

Obìnrin tó ni fóònù náà pa á, ó kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó jókòó sídìí ìsọ̀ ata.

"O gbọ́ ohun tí ọmọdébìnrin yẹn wí? Ìdá mẹ́ta! Bí ọmọ mẹ́ta bá gba abẹ́rẹ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ṣì máa kó èéyi ọ̀hún. Kí wá ni wọ́n ń gún ọmọ ọlọ́mọ fún?"

"Ọ̀kan nínú mẹ́ta kẹ̀? Áà! Èmi ò gbé tèmi lọ mọ́ o."

"Ọmọ tó kàwé ló sọ ọ́. Ó ní inú ìwé ìjọba lòun ti rí i."

Ẹ̀rín kú mọ́ Karimat lẹ́nu. Ohun tó rí nínú ìwé ìjọba kọ́ nìyẹn. Ohun tó rí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, mẹ́ta péré ló ṣì lè kó èéyi lẹ́yìn abẹ́rẹ́ méjèèjì. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. 

"Dárasími," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kí ni ìdá mẹ́wàá?"

"Èyí tí a ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì? Tẹ́ǹ pasẹ́ǹtì ni. Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ló dé?"

"Ìdá mẹ́ta wá ńkọ́?"

Dárasími la ẹnu kó dáhùn, ó sì pa á dé. Ó tún la ẹnu. "Ìdá mẹ́ta... bí o bá pín nǹkan sọ́nà mẹ́ta, tí o mú ọ̀kan." Ó wo ojú Karimat. "Háà. Karimat."

Ìdá mẹ́wàá ló tan àwọn ọmọ méjèèjì jẹ. Bí o bá gé iṣu kan sí mẹ́wàá, tí o mú ọ̀kan níbẹ̀, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lo mú lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí Karimat fi rò pé bí ìdá mẹ́wàá bá jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, a jẹ́ pé ìdá mẹ́ta ni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kò rántí pé ẹni tó gé iṣu sí mẹ́ta tó mú ọ̀kan ti mú bíi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń kéré sí i ni ìbẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i létí ẹni tó ń gbọ́. Ẹni tó bá pe méjì nínú ọgọ́rùn-ún ní ìdá méjì, ìdajì gbáko ló wí yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, olùkọ́ ìṣirò wọn, ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà gbà pé òǹkà ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, àfi kí a ní etí tí a fi ń gbọ́ ọ. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lọ wá ìṣirò tí ìjọba àti àjọ àgbáyé ti gbé jáde fún gbogbo ayé, kí wọ́n fi ṣàlàyé ohun kan tó ń yí padà nílẹ̀ wa àti lágbàáyé. "Ẹ má kàn kó nọ́ńbà jọ fún mi bí ẹni ń ṣa ìgbín," ó ní. "Ẹ sọ ohun tí wọ́n ń wí fún ìyá yín, ní èdè tí ìyá yín ń sọ." Àwọn tó bá ṣe dáadáa jù lọ ni yóò ṣojú ilé ìwé wọn níbi ìdíje kan ní gbọ̀ngàn Mápó. Làpútọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀bùn rẹ̀. Karimat àti Dárasími ló padà mú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí kì í pé ọdún márùn-ún kí wọ́n tó kú ni Karimat àti Dárasími mú. Wọ́n rí i pé ní ọdún 1990, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bá bí lágbàáyé, bíi mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún. Lóde òní, iye náà ti wálẹ̀ dé bíi mẹ́tàdínlógójì. Ní Nàìjíríà náà, ó ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ya á sórí gíráàfù. Ìlà ti àgbáyé ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń ti òkè Mápó bọ̀. Tiwa ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n ṣàlàyé ohun tó fà á: omi tó mọ́, ìyá tó kàwé, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Karimat kì í fẹ́ irọ́, ó ní kí àwọn má ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ kì í kùnà láé. Bó ṣe fi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún un nìyẹn. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi yí i sí Yorùbá nígbà tó ń gba ohùn náà sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ lórí Wáàsáàpù. Àwọn ẹbí fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọjà. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Karimat ti bọ́.

"Mo fẹ́ padà lọ bá àwọn obìnrin yẹn," ó ní bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀bù. 

Dárasími dì í lọ́wọ́ mú. "Kí o sọ kí ni fún wọn? Ohùn yẹn ti kúrò lọ́wọ́ wa. Bí o bá jáde pé o ṣì í sọ, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé á gbọ́, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú lọ sí Mápó. Jẹ́ ká ṣe ìdíje yìí tán ná. Ká wá tún un ṣe wẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà."

"Bí ọmọ kan bá lọ..."

"Má pe ibi! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Ta ni ó mọ̀, bí kì í bá ṣe èmi àti ìwọ?"

 Karimat ń ro làpútọ́ọ̀pù. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé bó bá ti ṣe tán nílé ìwé, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ń lọ. Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n ìṣirò ló wà lọ́kàn ọmọ náà, ó sì gbà pé bí òun bá gbé làpútọ́ọ̀pù wọlé, bàbá òun yóò rí i pé iṣẹ́ gidi ni.

Nígbà tó dé agboolé wọn ní Bẹyẹrúnkà, Ìyá Sìdí ló kọ́kọ́ pàdé. Mutmainnah lorúkọ rẹ̀, òun ni ìyàwó Misbaudeen, ẹ̀gbọ́n Karimat. Ó fi ọdún mẹ́jọ ju Karimat lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni, kì í pe orúkọ mọ́ ọmọ ọkọ lórí. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ló ti sọ Karimat ní Akọ̀wé, "ẹ" ló sì máa ń fi bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín. Karimat fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

"Akọ̀wé mi, ẹ káàbọ̀." Ó ń fọ aṣọ. Sìdí, ọmọ rẹ̀, ń rákòrò yí bàsíà omi ká, ó ń fi ọwọ́ gbá ọṣẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la Ọjọ́bọ̀ ni ǹ bá gbé Sìdí lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohùn yín. Ọ̀kan nínú mẹ́ta! Mo ní kí n má fìyà jẹ ọmọ lásán. Ọpẹ́lọpẹ́ yín o."

 Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí Karimat sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì sí ẹlòmíì nítòsí. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù pé ẹ̀rín yẹn máa kúrò lójú Ìyá Sìdí bà á, ẹ̀rù pé bàbá rẹ̀ máa gbọ́ bà á, ẹ̀rù Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé náà bà á. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì wọ inú yàrá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má tíì bú u. Ẹni tí kò bá tíì dákẹ́ níbi tó ti yẹ kó sọ̀rọ̀ rí ni kó kọ́kọ́ sọ òkò.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá kọjá lọ́jà, wọ́n á pè é: "Ìwọ kọ́ lọmọ oníṣirò? Ọlọ́run á wò ọ́!" Oríyìn ni, ṣùgbọ́n bí ata ló ń ta á lójú. Bí ọmọdé kan bá húkọ́ ní ojúlé kejì, á dúró, á tẹ́tí. Ọjọ́bọ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé òní ni òun máa sọ ọ́. Bó bá sì di àṣálẹ́, á ní ó ku díẹ̀ kí ìdíje dé.

Ìròyìn wá dé pé èéyi ń jà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdíje gan-an ni Sìdí bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ara rẹ̀ gbóná. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà níbẹ̀, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sísú wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó bo ojú, ó bo àyà, ó dé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún òun. Gbogbo ilé mọ̀ pé èéyi ni.

Ìyá Àgbà, tó bí bàbá Karimat, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. "Mo sọ ọ́," ó ní. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ gbé fóònù, ẹ ń ka ọmọ aráyé: èyí kú, èyí ò kú. Ohun tí èèyàn bá ń kà ló ń dín."

 Karimat mọ̀ pé kíkà kọ́ ló fa àìsàn, síbẹ̀, òru ọjọ́ náà, kò dá a lójú mọ́. Ó ti ya nọ́ńbà àwọn ọmọ tó kú sórí bébà, ó fi àwọ̀ búlúù ya ti àgbáyé, ó fi pupa ya ti Nàìjíríà, ó tún ń súfèé bó ṣe ń yà á. Lórí bébà, ìlà lásán ni wọ́n. Ó wá ń gbọ́ mímí Sìdí láti yàrá kejì, ó yá, ó sì ń dún hìn-ìn hìn-ìn. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò rò ó rí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó wà nínú ìlà pupa náà ní ìyá tó ń jí sí mímí rẹ̀ báyìí. Ó fi ìrọ̀rí bo orí, ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ ìdíje, Dárasími ti dé ẹnu ọ̀nà agboolé pẹ̀lú pátákó gíráàfù wọn. Karimat ti wọ aṣọ ilé ìwé. Ó yà wo Sìdí kó tó jáde. Ọmọ náà wà lórí itan ìyá rẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò mu ọmú mọ́. Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé bó bá ti ń mí. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀, kò yíjú.

"Ìyá Sìdí, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

Ìyá Sìdí kò gbójú sókè. Kò tíì sùn. "Ọsibítù wo? Àwọn tí oògùn wọn ń bọ́ lára ọmọ kan nínú mẹ́ta? Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un? Ẹnu yín náà ni mo ti gbọ́ ọ, Akọ̀wé mi. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó ń lọ sílẹ̀."

"Kò lọ sílẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń mí!"

"Karimat!" Dárasími ń pè láti ìta. "Wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ o!"

Ọ̀rọ̀ tí Karimat fúnra rẹ̀ sọ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì fẹ́ gba ọsibítù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ìbẹ̀rù tó ti ń bá a gbé láti ọjọ́ Bẹẹrẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò bẹ̀rù bàbá rẹ̀ mọ́, kò bẹ̀rù olùkọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù ni mímí tó ń dún hìn-ìn hìn-ìn yẹn, pé ó lè dá. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi. Àṣìsọ ni. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fẹ́ wí, mo wá wí pé ìdá mẹ́ta. Kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta rárá. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá gbà á pé, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni kì í kó o. Abẹ́rẹ́ náà dára. Ọsibítù náà dára. Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́."

Ìyá Sìdí gbójú sókè. "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Karimat lè purọ́ níbẹ̀. Ó lè ní òní ni òun mọ̀. "Ọjọ́ tí ẹ ń fọ aṣọ," ó ní. "Kí n tó wọlé bá yín. Mo dákẹ́ nítorí ìdíje."

 Ìyá Àgbà dá tẹ̀súbáà dúró. Ìyá Sìdí wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò.

"Karimat," ó ní. "Ìwọ."

Kò bú u, kò gbá a létí. Ìbá sì sàn kó gbá a. Orúkọ yẹn, tí kò pè rí láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó ilé, gún Karimat lọ́kàn ju ẹgba lọ. Ìyá Sìdí ti dìde, ó ti ń fa ọ̀já, ó ń pariwo pe ọkọ rẹ̀: "Bàbá Sìdí! Ẹ gbé ọ̀kadà jáde!"

Dárasími rí wọn bí wọ́n ṣe jáde, ọmọ láàárín bàbá àti ìyá lórí ọ̀kadà. Ó rí Karimat tó ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀. Kò pè é mọ́. Òun nìkan ló gbé pátákó náà gun òkè Mápó lọ. Àwọn onídàájọ́ ní ẹni méjì ni òfin ìdíje sọ, wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà, ó ń sunkún, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí làpútọ́ọ̀pù.

Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Sìdí nímú, wọ́n fún un ní fítámì tó wà fún ojú, wọ́n fa omi sí i lára. Àyà ọmọ náà ti dí. Nọ́ọ̀sì Adéyẹ́misí, obìnrin àgbàlagbà tó ń tọ́jú rẹ̀, bi ìyá rẹ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́. Ìyá Sìdí mi orí pé rárá.

"Èmi ni mo fà á," Karimat wí lẹ́yìn wọn.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán. Ó mí kanlẹ̀. "Ohùn yẹn ni tìẹ? Wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Ìyá méjì ti wí i fún mi láàárọ̀ yìí." Ó tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ọmọ ọ̀kan nínú wọn sùn sí. "Ká ní ọmọ yẹn ti gbà á ni, ó ṣeé ṣe kó má kó o rárá. Bó bá tiẹ̀ kó o, kò ní le tó báyìí. Lọ jókòó. Kó o máa bẹ Ọlọ́run."

Karimat jókòó sórí ìjókòó onígi nínú ọ̀ọ̀dẹ̀.  Bí nọ́ọ̀sì kan bá sáré kọjá, á di ẹnu mú. Misbaudeen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó sí ìkángun kejì, ó kẹ̀yìn sí i. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé ti bá a lọ́sàn-án, Dárasími wà lẹ́yìn rẹ̀. Karimat dìde, ó ń retí èébú.

"Èmi náà gbọ́ ohùn yẹn," ọkùnrin náà wí jẹ́ẹ́. "Mo gbọ́ ọ kí n tó mú yín. Mo ní ó dára. Mo ti mọ nọ́ńbà náà lédè òyìnbó tẹ́lẹ̀, etí òyìnbó ni mo fi gbọ́ Yorùbá rẹ. Ẹ̀bi àṣìsọ, a jọ pín in. Ti dídákẹ́, tìẹ àti Dárasími ni." Ó na fóònù sí i. "Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

Bí Karimat ṣe gba ohùn mìíràn sílẹ̀ nìyẹn, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù. Kò ṣe é lẹ́wà. "Karimat ni mí, láti Bẹyẹrúnkà. Èmi ni mo sọ pé ìdá mẹ́ta. Mo ṣì í. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ èéyi lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta péré ló lè kó èéyi. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ò ní kó o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọsibítù báyìí nítorí pé mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwọn ọmọ yín lọ."

Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ohùn àkọ́kọ́ ti sáré bí iná ọyẹ́. Èkejì ń rìn bí arọ. Nígbà tí Karimat rí i bẹ́ẹ̀, ó gbé àwo kan, ó ka ẹ̀wà funfun mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún sínú rẹ̀, ó fi ẹ̀wà pupa mẹ́ta kún un. Òun àti Dárasími ń gbé e kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. "Ẹ wá pupa níbẹ̀, Ìyá." Àwọn obìnrin á fi ọwọ́ ro ó, wọ́n á wá a títí. Àwọn kan bú u. Obìnrin tó ni fóònù ọjọ́ sí ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ ti àkọ́kọ́? Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?" Karimat tún gbé àwo náà síwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́.

Sìdí kò kú. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ́sibítù, ó sì padà wálé lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó rù bí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n èéyi ti fọwọ́ kan ojú òsì rẹ̀. Nǹkan funfun kan bo ẹyinjú náà, dókítà sì ní kò dájú pé yóò fi ríran dáadáa mọ́. Bó bá fẹ́ mú nǹkan tó wà lápá òsì, yóò kọ́kọ́ yí gbogbo orí rẹ̀. Karimat ń rí i lójoojúmọ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà tún wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, kí wọ́n má bàa dín ni wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Àìkà dáadáa ló pa wá lára."  Arúgbó náà na ọwọ́ gba ọmọ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ̀là lọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ìjọba wúlò. Ó lè fi ibi tí orílẹ̀-èdè ń lọ hàn wá, àti ibi tí ayé ń lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí a kò là yé ẹni tó ń gbọ́ ọ lè ṣe ohun tí irọ́ kò lè ṣe, nítorí pé àwọn èèyàn ń gba nọ́ńbà gbọ́. Bí ẹ bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ tún un sọ lọ́jọ́ náà. Àṣìsọ kò fọ́ ojú Sìdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Karimat fi dákẹ́ ló fọ́ ọ.

Ìyá Sìdí kò tún pè é ní Akọ̀wé mọ́. "Karimat, omi ti hó." "Karimat, ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè ọ́." Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Oṣù kan kọjá bẹ́ẹ̀, òmíràn tún kọjá.

Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì Adéyẹ́misí àti àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ káàkiri ilé wọ agboolé náà. Àwọn ìyá gbé ọmọ jáde. Ìyá Sìdí gbé Sìdí dání. Karimat dúró lẹ́yìn òpó, ó ń wò wọ́n láti òkèèrè.

"Ẹ má bẹ̀rù o," nọ́ọ̀sì kékeré kan ń ṣàlàyé. "Ara àwọn kan lè gbóná díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò pọ̀. Bí ìdá márùn-ún àwọn ọmọ ni."

Ìyá Sìdí fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó wo nọ́ọ̀sì náà. Ó wá yíjú, ó ń wá ẹnì kan láàárín èrò títí ojú rẹ̀ fi dé ìdí òpó.

"Akọ̀wé mi," ó ní. "Ẹ wá. Ẹ bá mi bi wọ́n: mélòó nínú mélòó?"